Yèyé, Ọ̀ta Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ tí Yèyé kú, mo kí i, kò dáhùn, mo sì kọjá lọ fọ ata mi.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa á ní irú ọmọ-ọmọ wo nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú pálọ̀ wa ní Ìgándó, òfin kan wà tí Yèyé fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan gémù bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó kí ilé, ẹni tó ń borí nìkan ló gbọdọ̀ dáhùn. Ẹni tí wọ́n ń nà gbọdọ̀ dákẹ́. Ìdí ayò ló ti kó òfin náà wá. Ẹni tó bá débi tí wọ́n ti ń ta ayò á ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀," wọ́n á sì dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta lẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ̀ lẹni tí wọ́n ń jẹ. Yèyé gbé e kúrò nídìí ayò, ó gbé e wá sídìí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nítorí náà, nígbà tí mo ti ọjà Shasha dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú àpò ata rodo, tí mo rí i lórí àga rẹ̀, páàdì gémù lórí itan, tí mo ní, "Yèyé, mo dé o," tí kò fèsì, ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi ni pé wọ́n ti ń nà án nìyẹn. Mo kọjá. Mo da ata sínú ọpọ́n, mo bu omi sí i. Tèmi, ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí òun àti Yèyé jọ máa ń gbá gémù náà, ti jáde lọ ra omi tútù. Nígbà tó dé, mo gbọ́ tó kí, mo gbọ́ tó tún kí. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, Yèyé ò dá mi lóhùn."

"Ṣé o ò mọ̀ pé ọ̀pẹ̀ kì í fọhùn ni?"

"Màmá, Yèyé ló ń borí."

Mo nu ọwọ́ mi. Mo lọ wò ó.

Wọ́n ti sin ín báyìí. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé mo ti sunkún. Mi ò tíì sunkún. Mò ń lọ ata fún àwọn oníbàárà mi, ẹ̀rọ ń pariwo, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Nǹkan ò dùn mí, nǹkan ò sì dùn mọ́ mi. Bí mo bá rántí Yèyé, kì í wá létòlétò. Bí ẹni ń ṣa ata ló rí, èyí tọ́wọ́ bá bà ni mò ń mú.

Òun ló bí ìyá mi. Ìyá mi ti kú tipẹ́, Yèyé ló tọ́ mi, nígbà tí ọkọ mi náà sì kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kó padà sí, èmi àti Ẹniọlá ọmọ mi, àti Tèmi tí Ẹniọlá bí. Bí mo bá ń pè é ní "ó" níbí, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àfojúdi ni. Ará Èkìtì ni wá. Ní tiwa, a kì í sọ ẹnì kan di púpọ̀ nítorí pé a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un. Èkó ni mo ti kọ́ ìyẹn. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan béèrè Yèyé lọ́wọ́ mi níwájú ilé, mo ní, "Wọ́n ti jẹun, wọ́n wà nínú ilé, wọ́n ń sinmi." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé:

"Èmi àti ta ni?"

Láti ọjọ́ náà, ó di "ó" títí dòní.

Pálọ̀ náà ò tóbi. Àga onítìmùtìmù díẹ̀, tábìlì kékeré kan, tẹlifíṣọ̀n, àti fèrèsé tó kojú sí títì. Ṣùgbọ́n ní òpópónà wa, pálọ̀ ti ń tán lọ. Gbogbo ilé tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ti la ògiri iwájú, wọ́n fi ìlẹ̀kùn páànù sí i. Èyí ń ṣe irun, èyí ń tún fóònù ṣe, èyí ń ta oúnjẹ ajá. Tiwa nìkan ló ṣì jẹ́ pálọ̀, bí eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu.

Bọ̀dá Káyọ̀dé kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ Yèyé, Akówọnjọ ni wọ́n ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ló ń ra òògùn ẹsẹ̀ Yèyé, wọn kì í jẹ́ kó tán kí wọ́n tó mú òmíràn wá. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti dé, ọ̀rọ̀ pálọ̀ ni.

"Yèyé, yàrá yìí kojú sí títì. Ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin á bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, ariwo ò ní máa dà yín láàmú."

"Ta ló sọ fún ọ pé ariwo ń dà mí láàmú?"

"Gbogbo ilé ló ti ṣí tiwọn, Yèyé."

"Tí àlejò bá wá dé ọ̀dọ̀ wọn, ibo ló ń jókòó sí?"

"Àlejò kì í wá mọ́ láyé ìsinsìnyí. Fóònù ni wọ́n ń pè."

Yèyé mú ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó rún un dáadáa kó tó fèsì.

"Fóònù ò lè bá mi jẹ ẹ̀pà."

Èmi fúnra mi, tí wọ́n bá bi mí nígbà náà, màá ní òótọ́ ni Bọ̀dá ń sọ. Yàrá tó kojú sí títì tí a ò lò, mo rí i bí aṣọ tó wà nínú àpótí tí ìyá onílé ń lọ yá ti ẹlòmíràn wọ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Bí gémù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Ẹniọlá ra ẹ̀rọ rẹ̀ ní àlòkù fún Tèmi nígbà tó yege ní ilé ìwé. Ìsinmi dé, Tèmi ò rí ẹni bá a gbá a. Ẹniọlá ò sí nílé, èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ló bá lọ bá arúgbó.

"Yèyé, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan o. Ẹ kàn bá mi di páàdì yìí mú."

Yèyé dì í mú, ó dì í sódì. Tèmi bá a yí i padà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo gbọ́ igbe, mo sáré wọlé, mo rò pé ó ti ṣubú ni. Ó wà lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, Tèmi sì di orí mú.

"Yèyé, ilé tiyín lẹ gbá a sí!"

"Ṣé kì í ṣe àwọ̀n ni?"

"Àwọ̀n ni, àmọ́..."

"Ó wọlé, àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé mà."

"Ó tán. Jẹ́ kí inú mi kọ́kọ́ dùn ná, kí o tó máa pín in sí tèmi-tìrẹ."

Àmì mẹ́rin ló wà lára páàdì náà níbi àtàǹpàkò ọ̀tún. Yèyé ò mọ̀wé, ó sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe rí wọn: àgbélébùú, páálí, òrùlé, àkàrà. Àgbélébùú ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì. Ó ní ìyẹn dáa, ó bá ìwàásù mu. Àkàrà ni wọ́n fi ń gbá a sójú ilé. Nígbà tí Tèmi bá ń kọ́ ọ, gbogbo títì ló ń gbọ́ ọ: "Àkàrà, Yèyé! Àkàrà! Ẹ jọ̀ọ́, àkàrà kíákíá!" Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan kanlẹ̀kùn, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé mà. Ṣé àkàrà yẹn ti jinná?"

Yèyé ni ọ̀ta lọ́jọ́ náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn. Kò gbójú kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Kò tíì jinná, ọmọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá lórí igi ni."

Òfin ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ yẹn, nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Tèmi, ọmọ náà gbójú sókè. "Yèyé, ṣé ọ̀tá yín ni mí?" Ó ní, "Ọ̀ta ni mo wí, ìwọ ọmọ Èkó. Fi ohùn náà sílẹ̀ níbi tí mo gbé e sí." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tó ti kọ́ ọ fún wa. Ní abúlé wọn, abẹ́ igi odán ni àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò. Bàbá àgbà mi, ọkọ rẹ̀, kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀ tí oko bá ti tú. Obìnrin kì í jókòó níbẹ̀. Yèyé á gbé iṣu sísun lọ fún un, á kúnlẹ̀, á ní mo kọ́ta mo kọ́pẹ̀, á gbé iṣu kalẹ̀, á dìde, á padà sílé. Ó ní àárín ìkúnlẹ̀ àti ìdìde yẹn lòun ti kọ́ ayò. Ìgbà tó yá, bí wọ́n ṣe jọ ń lọ sóko, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ká ní ilé ìkángun ló ti kó ọmọ ayò lánàá, ì bá ti jẹ wọ́n tán. Wọ́n rìn lọ díẹ̀. Bàbá wá ní láti ọ̀la lọ, kí àbúrò òun máa gbé iṣu náà wá.

Mo ní, "Yèyé, ṣé kò dùn yín ni?" Ó ń fi aṣọ nu páàdì, ó ní:

"Iṣu ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ojú mi ṣì wà lára mi."

Èmi ò bá a gbá a rí. Ẹ̀rọ ìlọta mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, bí mi ò bá sí nídìí rẹ̀, mo wà ní Shasha, bí mi ò bá sí ní Shasha, mò ń fọ ata. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo na ọwọ́ sí páàdì náà, ó yára gbé e sẹ́yìn. "Fi ọwọ́ ata yẹn sílẹ̀ jàre! Ṣé o fẹ́ kí n máa fi omijé gbá bọ́ọ̀lù ni?" Ṣùgbọ́n ó máa ń pè mí.

"Fúnmi, wá jókòó."

"Yèyé, mo níṣẹ́."

"Wá wo bí mo ṣe ń na ọmọ yìí."

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná."

"Ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?"

"Yèyé, ata kún ilẹ̀."

Ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ títí mo fi rò pé ó ti gbàgbé mi.

"Iṣẹ́ kì í tán, Fúnmi. Èèyàn ló ń tán."

Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́, òun ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí wọ́n ń sọ ọ́ kiri, wọn ò sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ Sátidé kan ni Bọ̀dá Káyọ̀dé kó àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá kí Yèyé. Aṣáájú wọn lẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Àdúrà. Ohùn rẹ̀ ju ẹ̀rọ ìlọta mi lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Tèmi ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé Yèyé léraléra. Yèyé ni ọ̀pẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Màmá wa!"

Tèmi ló dáhùn. "Ẹ káàbọ̀ mà."

"Màmá, ẹ káàsán mà!"

Yèyé ń tẹ páàdì. Kò wo ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, àwa ni o! Àwọn ọmọ yín láti ṣọ́ọ̀ṣì!"

Kò fèsì. Màmá Àdúrà yíjú sí Bọ̀dá. "Bàbá, ẹ ò mà sọ fún wa pé ohùn wọn ti lọ."

Bọ̀dá ò dàgbà lábẹ́ igi odán. Kékeré ni wọ́n ti mú wọn lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn níbẹ̀, wọn ò dé ìdí ayò rí. Wọ́n wo ìyá wọn. "Èmi náà ò mọ̀," ni wọ́n sọ, ohùn wọn ti yí padà. "Yèyé? Yèyé, ẹ dá mi lóhùn."

Ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn. Yèyé ò fọhùn.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

Mo gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ. Kí n tó pa á, kí n tó nu ọwọ́, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti dijú, wọ́n ti ń pàṣẹ fún ẹ̀mí odi pé kó tú ahọ́n ìyá sílẹ̀. A kì í já lu àdúrà. Mo dúró síbẹ̀. Bọ̀dá ti kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Tèmi náà dijú, nítorí a kọ́ ọ pé tí àgbà bá ń gbàdúrà, ọmọdé kì í lajú. Ojú Yèyé nìkan ló là.

Mo rí i tó wo Tèmi. Mo rí i tó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó rọra sún síwájú lórí àga.

Àgbélébùú, àgbélébùú, àkàrà. Bọ́ọ̀lù wọlé.

"Tú ahọ́n náà sílẹ̀!" ni Màmá Àdúrà ń ké.

Àgbélébùú, àkàrà. Ó tún wọlé.

"Mo ní nísinsìnyí! Kì í ṣe lọ́la!"

Ó tún wọlé, ó tún wọlé. Yèyé ti kọjá Tèmi. Ó gbé páàdì sórí itan, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀ta dé!" ó ní, ohùn rẹ̀ já gaara. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó, kí lẹ dúró ṣe?"

Ẹ ò rí nǹkan kan rí. "Halelúyà!" Ọ̀kan nínú wọn ṣubú lé àga, òmíràn ń fò sókè. Bọ̀dá gbá ẹsẹ̀ ìyá wọn mú, wọn ò jẹ́ kó lọ. Tèmi nìkan ló kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Yèyé! Ojú mi wà ní dídì! Àdúrà ni mò ń gbà!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o gbà á?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìròyìn ti dé Ẹ̀gbẹ́dá pé ìyá kan tó yadi ti ń sọ̀rọ̀ ní Ìgándó. Mo ti ṣàlàyé fún Bọ̀dá. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti dá ọjọ́ tí Yèyé máa wá jẹ́rìí. Wọ́n wá bẹ̀ ẹ́.

"Yèyé, ẹ kàn dìde tí wọ́n bá pè yín. Ẹ kàn ju ọwọ́."

"Kí n ju ọwọ́ pé kí ló ṣe?"

"Pé Ọlọ́run là yín lóhùn."

"Ọlọ́run ti là mí lóhùn kí n tó bí ọ. Ohùn náà ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ."

Bọ̀dá nu ojú. Wọ́n wo pálọ̀ yíká, wọ́n wo fèrèsé. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yèyé, ẹ gbọ́. Ẹ bá mi ṣe ẹyọ kan yìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ pálọ̀ yìí mọ́. Mo ṣèlérí. Ẹ̀yin lẹ ni ín, àti lẹ́yìn yín pàápàá."

Mo wà níbẹ̀. Mo ṣe ojú sí Yèyé pé kó gbà. Kí ni ká ju ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú díẹ̀? Mo mọ bó ṣe fẹ́ràn yàrá náà tó. Tí wọ́n bá mú un lọ sí ẹ̀yìn, ògiri ilé kejì nìkan ni yóò máa wò.

"Ó wù mí," ó ní. "Káyọ̀dé, ó wù mí gan-an. Àmọ́ tí mo bá purọ́ kí n tó lè jókòó síbí, irọ́ yẹn á máa jókòó tì mí."

Kò lọ. Bọ̀dá fúnra wọn ló lọ bá Màmá Àdúrà, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo ṣá mọ̀ pé òògùn ẹsẹ̀ ń wá, àmọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi rán. Ọ̀rọ̀ pálọ̀ náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ mọ́, wọn ò sì kó o nílẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè, a ò jẹ́ fẹnu sọ ọ́.

Nígbà tó wá kù díẹ̀, ọwọ́ Yèyé ti ń lọ́ra. Á tẹ òrùlé níbi tó yẹ kó tẹ àkàrà. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ kó máa borí. Yèyé rí i lójú ẹsẹ̀, ó gbé páàdì kalẹ̀. Inú bí i lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀ lọ.

"Ò ń bù ú fún mi ni?"

"Rárá mà."

"Tèmi."

"Ẹ má bínú mà."

"Nà mí. Tó o bá ń nà mí, mo mọ̀ pé mo ṣì wà níbí."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tèmi wá bá mi níbi tí mo ti ń kó àwo. Ó ní, "Màmá, lọ́jọ́ tí Yèyé kú, mi ò fi í sílẹ̀ fún wọn o. Wọ́n nà mí ni." Mo ní mo ti gbọ́. A jọ ń kó àwo lọ.

Bọ̀dá Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù nígbà tí àwọn àlejò ìsìnkú ti lọ tán. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ gba pálọ̀ náà fún ṣọ́ọ̀bù òògùn, àwọn àti ọkùnrin náà máa wá wọ̀n ọ́n. Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ilé ìyá wọn ni. Òpópónà wa ò sì ní ilé òògùn tó súnmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá, mo gbálẹ̀, mo ká kọ́tìnì, Tèmi tú wáyà tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àga ló kù. Mo ní kí n jókòó díẹ̀ kí n tó gbé wọn, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo jókòó sórí èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé.

Ibẹ̀ ni wọ́n bá mi.

Ọkùnrin náà bọ̀wọ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fa téèpù rẹ̀ yọ. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ògiri, ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún díẹ̀ mà. Mo fẹ́ wọn abẹ́ fèrèsé."

Mi ò sún. Mi ò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí n dìde, ara mi ò gbọ́.

"Fúnmi, dìde fún wọn," ni Bọ̀dá wí.

"Mo jókòó, Bọ̀dá."

"Mo rí i pé o jókòó. Dìde."

"Mo jókòó."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Bọ̀dá."

Oníbàárà kan ń pè láti ẹ̀gbẹ́ ilé: "Ìyá alọta! Ẹ wá bá mi lọ ata o!" Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ Tèmi tó jáde lọ dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màmá mi ò ráyè. Wọ́n jókòó."

Ọkùnrin náà wo Bọ̀dá, ó wò mí, ó ká téèpù rẹ̀. "Dádì, ẹ máa pè mí tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán." Ó kí wa, ó lọ. Bọ̀dá dúró sí àárín yàrá. Mo rò pé wọ́n á pariwo mọ́ mi, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò sí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n á máa wò, kò sí àlejò tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ibi gbogbo. Wọ́n wá fa àga kejì, wọ́n jókòó. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i kí wọ́n jókòó nínú yàrá yẹn rí.

Iná ò sí. Ọmọ ilé ìwé ń kọjá lọ níta, ẹnì kan ń polówó búrẹ́dì, kẹ̀kẹ́ kan ń fọn fèrè. Fóònù Bọ̀dá dún. Wọ́n wò ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Ẹ má bínú o," wọ́n ní. "Ẹ bá mi wo ibòmíràn fún ṣọ́ọ̀bù òògùn yín. Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. A ṣì ń lò ó ni."

Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n fẹ̀yìn tì. Atẹ́gùn wọlé láti ojú fèrèsé tí mo ti ká kọ́tìnì rẹ̀. Wọ́n tú bọ́tìnì ọrùn wọn.

"Fúnmi."

"Bọ̀dá."

"Ibí mà tutù o."